Ìrìn-Àjò Mi sí Lọ́kọ́ja Nítorí Ímeèlì Tí Ẹnikẹ́ni Ò Lè Ṣí

Ẹ̀yin ará Ṣakí, ẹ̀yin oníbàárà mi, ẹ ti bi mí títí ó ti sú mi. Ẹ ní níbo ni mo wà tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kan ní mo lọ fẹ́ ìyàwó kékeré. Àwọn kan ní ojú ló ń dùn mí, pé mo lọ ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ gbà mí o! Lọ́kọ́ja ni mo lọ, ẹ̀rù ló sì gbé mi débẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn ti ní kí n sọ ọ́ bó bá wù mí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kó tó di pé ẹlòmíràn bá mi fi ata àti iyọ̀ sí i.

Ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi kì í ṣe arìnrìn-àjò. Bí mo bá dé Ìsẹ́yìn lásán, àárò ilé á ti máa sọ mí. Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo mọ̀, kí n bá yín tẹ lẹ́tà, kí n bá àwọn ọmọ yín wo èsì ìdánwò, kí n padà sílé lọ jẹun. Kí ìrìn ọ̀nà jíjìn má tún kàn mí mọ́ láyé mi.

Ohun tó lé mi kúrò nílé

Ẹ mọ àṣà wa nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹnìkan bá wá ṣí ímeèlì, kọ̀ǹpútà á béèrè àdírẹ́sì kejì, èyí tí wọ́n máa fi bá a gba àpótí rẹ̀ padà bó bá gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù. Oníbàárà á ní, "Alfa, èmi ò ní òmíràn, ẹ bá mi fi èyí tó bá wù yín sí i." Èmi á sì fi tèmi sí i. Ojú àánú ni. Mo mọ̀ pé kò ní í ju oṣù mẹ́ta lọ tí ẹni náà á fi padà wá, tí á máa káwọ́ lérí pé òun ti gbàgbé. Gbogbo àwa tá à ń ṣiṣẹ́ yìí nílùú kékeré la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan wọlé tọ̀ mí wá. Ọkọ rẹ̀ ń ṣe olùkọ́ níbí nígbà náà, ará Ìyàgbà ni wọ́n, Ìyá Dúró la máa ń pe obìnrin náà. Lọ́kọ́ja lòun ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ọkọ ló máa ń wá kí nígbà ìsinmi. Ó ní, "Alfa, mo gbọ́ pé irú ímeèlì kan wà tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí, tí iléeṣẹ́ tó ni ín gan-an ò lè kà á. Irú ẹ̀ ni mo fẹ́." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló ní tó fẹ́ fi pa mọ́ tó báyìí. Ó fa àga sún mọ́ mi. Mo wá a kàn, ti iléeṣẹ́ òkè òkun kan, mo bá a ṣí i. Nígbà tí ó béèrè àdírẹ́sì kejì, ọwọ́ mi kàn lọ fúnra rẹ̀, mo fi tèmi sí i. Ọkọ rẹ̀ kú lẹ́yìn náà, kò sì wá Ṣakí mọ́. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, òun nìkan ló béèrè irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún yìí, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, mo ṣí àpótí mi, mo bá lẹ́tà iléeṣẹ́ náà níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó kún fún ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yé mi. Wọ́n ní ìjọba tiwa kọ̀wé sí ìjọba tiwọn, ilé ẹjọ́ tiwọn sì ti pàṣẹ pé kí àwọn kó gbogbo ohun tí àwọn mọ̀ nípa àdírẹ́sì obìnrin yẹn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣí àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ torí kọ́kọ́rọ́ ò sí lọ́wọ́ àwọn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn ti fún wọn: ọjọ́ tí wọ́n ṣí àpótí náà, àti àdírẹ́sì ìgbàpadà rẹ̀. Tèmi nìyẹn.  Orí ìjókòó ni mo wà, ṣùgbọ́n mo di tábìlì mú.

Mo ti gbọ́ lórí rédíò pé ìwé ìròyìn kan gbé èsì àyẹ̀wò omi jáde, ti kànga ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Kogí. Omi yẹn ò dára fún mímu, ìwé tí iléeṣẹ́ ìjọba tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ́kọ́ fi síta sì ní ó dára. Wọ́n ní ẹnìkan jí ìwé òótọ́ náà, pé àwọn ọlọ́pàá ń wá a. Àti pé níbo ni Ìyá Dúró ń ṣiṣẹ́? Níbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò. Mo pa á pọ̀, ó bára mu.

Ẹ bá mi rò ó wò. Láàárín ọlọ́pàá àti obìnrin yẹn, èmi nìkan ló kù. Bí mo bá fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i, tàbí mo pe ẹnikẹ́ni ní Lọ́kọ́ja lórí fóònù pé kí wọ́n bá mi wá a, ńṣe ni mo na ìka sí i. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni mo lè rán. Mo gbé fóònù sílẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Súlè, ṣé orí yín pé ṣá?" Mo ní kó máa ṣàdúrà.

Abẹ́ fìlà

Mi ò ní í fi ọkọ̀ tí mo wọ̀ da yín láàmú. Mo sùn ní Ìlọrin, ilẹ̀ mọ́, a gba ọ̀nà Omù-Àrán lọ. Láti Ẹ̀gbẹ̀ síwájú, awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìyá kan tó jókòó tì mí ń gbàdúrà ní orúkọ Jésù, kò sì dijú. Igbó ló ń wò bó ṣe ń gbàdúrà, nítorí àwọn ajínigbé. Nígbà tó parí, gbogbo wa ṣe àmín, èmi náà ṣe é, mo tún fi tèmi lé e lábẹ́nu.

Ìyá náà fún mi ní ẹ̀pà sísè. Ó ní, "Ẹbí lẹ fẹ́ lọ kí ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Àdúgbò wo ni wọ́n wà?" Mo bá sùn. Oorun àpáàpàndodo ni mo sùn yẹn, pẹ̀lú ẹ̀pà lẹ́nu.

Ìwà òmùgọ̀ tí mo hù kò ju ẹyọ kan lọ, ó sì tó. Mo ti tẹ lẹ́tà iléeṣẹ́ yẹn sórí ìwé kí Ìyá Dúró lè fojú ara rẹ̀ rí i, mo ká a, mo fi sábẹ́ fìlà mi. Kí a tó dé Kàbbà, àwọn sójà dá wa dúró. Gbogbo wa sọ̀kalẹ̀. Ọmọ tó lè jẹ́ ọmọ mi dé iwájú mi, ó ní, "Baba, comot your cap."

 Mo ṣí fìlà, ìwé bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó ń kà á. "Baba, who be this company wey dey write you?"

Mo ní, "Dem dey abroad."

"Wetin dem want?"

 Mo ní, "Dem dey greet me."

Ó wò mí, ó wo ìwé, ó bú sẹ́rìn-ín. "Company dey greet Baba! Oya, go." Ó ká a padà fún mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí a dúró ní Kàbbà, mo wá ṣáláńgá lọ, mo ya ìwé náà wẹ́wẹ́, mo dà á síbẹ̀. Ọkàn mi ò sì balẹ̀ náà.

Kpata

Ooru Lọ́kọ́ja ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Òkè wà lẹ́yìn ìlú, odò wà níwájú rẹ̀, ooru sì wà láàárín bí ẹni pé wọ́n dé ọmọrí lé e. Mo wọ̀ sí ilé àna mi ní àdúgbò Kpata, Alhaja Rábì, ìyá ìyàwó àbúrò mi. Bàbá bàbá wọn ló wá láti Ìlọrin wá ṣòwò, tí kò padà mọ́. Ẹja gbígbẹ ni Alhaja ń tà, òórùn ẹja yíyan sì gba gbogbo àgbàlá wọn.

"Sannu da zuwa! Àna wa! Ẹ káàbọ̀, ṣé dáadáa lẹ dé?" Ẹnu kan náà ni wọ́n fi kí mi ní Hausa àti Yorùbá, wọ́n yíjú, wọ́n fi Núpé bá ọmọge kan wí nítorí omi tí kò tètè gbé wá. Nínú ọjà, ẹni tó bá rí fìlà mi á pè mí ní Malam, á da Hausa bò mí. Bí mo bá fi Yorùbá fèsì, wọ́n á rẹ́rìn-ín pé èdè Ọ̀yọ́ mi yìí ń fà bí orin. Èmi tí mo rò pé ilẹ̀ Yorùbá ni mo ṣì wà! Mo di àjèjì lójijì, ẹnu ara mi sì ń tì mí lójú.

Tùwó ìrẹsì àti ọbẹ̀ kúkà tí wọ́n fi ewé osè sè ni wọ́n gbé síwájú mi, pẹ̀lú orí ẹja tútù tó tóbi ju àwo lọ. Orí ẹja ni ti àna, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá mi dá sí i. Ojú ẹja yẹn ń wò mí. Mo jẹ òkèlè mẹ́ta, mo ní mo yó.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Alhaja ò béèrè ohun tí mo bá wá. Ọmọ wọn obìnrin ló ṣàlàyé fún mi pé àṣà tí bàbá ńlá wọn fi lélẹ̀ nìyẹn: wọn kì í bi àlejò ní ohun tó bá wá títí ọjọ́ mẹ́ta á fi pé. Ẹ ò mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Mo ní bí yóò bá fi di ọjọ́ kẹta, màá ti jẹ́ iṣẹ́ mi, màá ti lọ.

Wọ́n fi mí jókòó ní Karaworo

Ní Ọjọ́rú mo lọ sí àdúgbò Karaworo. Mi ò lè lọ síbi iṣẹ́ Ìyá Dúró, mi ò sì mọ ilé rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ò ju pé ọkọ rẹ̀ ti sọ fún mi rí pé Karaworo ni àwọn ń gbé. Mo bi obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì àti mílíìkì.

"Ìyá Dúró wo? Ará ibo ni ọkọ rẹ̀?"

Mo ní, "Ará Ìyàgbà ni."

"Ìyàgbà tóbi. Ìlú wo ní Ìyàgbà?"

Mi ò mọ̀. Ojú obìnrin náà yí padà. Ó pe bàbá kan jáde, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì tó de táì nínú ooru yẹn. Bàbá náà kí mi dáadáa, ó ní kí n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí wọ́n fún mi lómi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí. Ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ ni mí? Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni mo wá ṣe? Mo ní mo wá kí obìnrin náà kú ọ̀fọ̀.

"Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú."

"Mo gbọ́."

"Ìkíni yín yìí ti pẹ́ lójú ọ̀nà o, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dìde lọ́dọ̀ mi. Ọkùnrin méjì mìíràn wá jókòó. Mo ní kí n máa lọ, wọ́n ní kí n fara balẹ̀, pé oòrùn mú. Ìgbà yẹn ló yé mi pé wọ́n ti mú mi. Wọ́n mọ ibi tí obìnrin náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n rò pé ọlọ́pàá ló rán mi. Mo jókòó síbẹ̀ láti ọ̀sán títí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo ń wo bàtà mi, ìtọ̀ sì ń gbọ̀n mí.

Ìyá Dúró bọ́ọ́lẹ̀ lórí ọ̀kadà, báàgì iṣẹ́ lápá rẹ̀. Ó ti hu ewú, ó sì ti rù. Ó wò mí, ó dá mi mọ̀, ó fi ìkíni àwọn Ìyàgbà kí mi. "Okun o! Áà, Alfa Ṣakí!" Bí gbogbo àwọn onímáńgòrò ṣe tú ká nìyẹn, wọ́n ń kí mi kú ìjókòó, bàbá onítáì bẹ̀ mí pé kí n má bínú.

Ọ̀rọ̀ tí a sọ

Ó ní àfi kí n jẹun kí n tó sọ̀rọ̀. Ó gúnyán fúnra rẹ̀, èmi ń gbọ́ ìró ọmọ odó láti pálọ̀, mo ń to ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tó gbé e dé, mi ò lè dúró mọ́.

"Ìyá Dúró, ó ní ìwé tó wá láti ọ̀dọ̀ àwọn onímeèlì yẹn."

Ó jókòó. "Wọ́n ti ṣí i?"

"Wọn ò ṣí i. Wọn ò lè ṣí i."

"Ọlọ́run, o ṣeun." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ò tíì wo àpótí yẹn mọ́ láti ọjọ́ tí ìwé ìròyìn ti gbé e. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ló wá gbé yín wá, bí wọn ò bá ṣí i?"

"Èmi ni wọ́n fún wọn."

Kò yé e. Mo ṣàlàyé fún un. Kọ́kọ́rọ́ dára, kò sẹ́ni tó lè wọlé. Ṣùgbọ́n èmi ti fọwọ́ ara mi kọ àdírẹ́sì mi sí ara ilẹ̀kùn, níta gbangba, èyí ni wọ́n sì kà fún ọlọ́pàá. Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Bí mo ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn."

Ó béèrè ìwé náà kó kà á. Mo ní mo ti dà á sí ṣáláńgá ní Kàbbà. Bí kì í bá ṣe ọ̀ràn tó wà ńlẹ̀, à bá rẹ́rìn-ín.

Ó wá sọ tirẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ ìwé tó parọ́. Ọgá mi dúró lẹ́yìn àga mi títí mo fi tẹ̀ ẹ́ tán, pé omi náà dára. Mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ ń mu ún. Ọjọ́ kẹta ni mo fi èyí tó jẹ́ òótọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn. Ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìntì, Alfa. Dúró ṣì wà ní yunifásítì. Bí wọ́n bá mú mi, iṣẹ́ lọ, bóyá ẹ̀wọ̀n ló kù."

Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohun tí mo ti ń sá fún láti Ṣakí. "Ta ló tún mọ̀ pé èmi ni mo ni àdírẹ́sì yẹn?"

"Èmi nìkan."

"Bí wọ́n bá wá bi yín ńkọ́?"

Iyán ti tutù. Mo ní, "Bí wọ́n bá ní kí n fi Kùránì búra, mi ò ní í lè parọ́." Ó mi orí, ó ní òun ò jẹ́ sọ pé kí n búra èké. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbúra nìkan, mo sì jẹ́wọ́ fún un. Mo ní, "Ojo ni mí, Ìyá Dúró. Tí ẹnìkan bá jágbe mọ́ mi, gbogbo nǹkan á jáde."

Kò bínú. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rò ó, kí n padà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. "Kó tó dìgbà náà, Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Ta ni mo mọ̀ ní Lọ́kọ́ja tí mo máa sọ ọ́ fún?"

Ọjọ́ kẹta

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ kẹta mi pé. Láti àárọ̀ ni mo ti to irọ́ tí mo máa pa sílẹ̀: ẹja ni mo wá rà, mo fẹ́ máa kó o lọ tà ní Ṣakí. Gbogbo ènìyàn ní kí n lọ wo ibi tí odò méjì ti pàdé, pé kí ni àlejò wá ṣe ní Lọ́kọ́ja bí kò bá wò ó. Mi ò lọ. Bí ọkọ̀ ọlọ́pàá kan bá kọjá ní títì, mo ti wọ inú ilé. Mo kírun ju bí mo ṣe ń kírun nílé lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Alhaja ń to ẹja sínú agbọ̀n, wọ́n pè mí pé kí n wá jókòó. Wọ́n bu kúnú tútù fún mi mu. "Alfa, ọjọ́ mẹ́ta pé. Kí lẹ bá wá?"

Mo bẹ̀rẹ̀ irọ́ mi. Wọ́n jẹ́ kí n rò ó dé ìdajì.

"Haba, Alfa. Ẹja kọ́. Ẹni tó wá ra ẹja á béèrè iye tó jẹ́. Ẹ ò jẹun láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo ara yín ń gbọ̀n. Ṣé ó ní nǹkan tó ń dùn yín ni, àna mi?"

Wọn ò jágbe mọ́ mi. Wọn ò halẹ̀. Ìyá arúgbó tó mú ẹja lọ́wọ́ ni, tó ń káàánú mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo tú gbogbo rẹ̀ jáde. Lẹ́tà iléeṣẹ́, omi ilé-ẹ̀kọ́, Karaworo, orúkọ obìnrin náà, orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Omijé bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, ara mi sì ń fúyẹ́. Nígbà tí mo parí ni mo tó mọ ohun tí mo ti ṣe.

Alhaja fi ewé bo agbọ̀n. Wọ́n ní, "To. Mo ti gbọ́. Kò ní í jáde lẹ́nu mi títí mo fi kú." Wọ́n fa agbọ̀n náà mọ́ra. "Ṣùgbọ́n Alfa, mi ò tíì bi yín lẹ́ẹ̀mejì o."

Jímọ̀

Mi ò sùn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ mo padà sí Karaworo, àwọn onímáńgòrò kí mi bí ará ilé, ìyẹn sì tún dùn mí sí i. Bí Ìyá Dúró ṣe ṣílẹ̀kùn ni mo dọ̀bálẹ̀. Èmi, ọkùnrin tó ti ní ọmọ ọmọ. Mo ní, "Mo ti sọ ọ́ fún ènìyàn kan."

"Alfa!" Ó pariwo. Ó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó dúró sójú fèrèsé. "Ọjọ́ méjì péré! Ọjọ́ méjì péré, Alfa! Ta ló fún yín ní ẹ̀ṣẹ́? Ta ló nà yín?"

"Kò sẹ́ni tó nà mí. Kúnú ni wọ́n fún mi."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú un, kò fẹ́ rín in, ó sì rín in, lẹ́yìn náà ló fi ìborùn nu ojú. Ó jókòó. Ó ní kí n dìde nílẹ̀. Ó ní láti Ọjọ́rú ni òun ti ń rò bóyá kí òun dákẹ́, kí òun máa retí pé wọn ò ní í dé Ṣakí, tàbí pé wọ́n á dé, èmi á sì lè di ẹnu mú.

"Ẹ ti bá mi parí èrò yẹn," ó ní. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi. Èmi ló gbàgbọ́ pé ohun tí mo ṣe lè wà láyé kí orúkọ mi má sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, èmi fúnra mi máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, èmi àti lọ́yà ìjọ wa. Màá gbé ìwé méjèèjì dání, èyí tó parọ́ àti èyí tí kò parọ́. Ẹ máa lọ sílé. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ dárúkọ mi. Mo yọ̀ǹda. Tó bá wù yín kí ẹ sọ ọ́ fún gbogbo Ṣakí, ẹ sọ ọ́."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ara tù mí. Ó tù mí débi pé ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí níbi tí mo jókòó sí. Obìnrin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé òun máa lọ fi iṣẹ́ àti òmìnira òun jìn, èmi sì ń rò bóyá iyán ṣì wà. Mo kórìíra ara mi lọ́jọ́ náà.

Ilé

Ní gbogbo ọ̀nà ilé, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní bó tilẹ̀ ti yọ̀ǹda, mi ò ní í dárúkọ rẹ̀. Kí wọ́n tì mí mọ́lé bó bá wù wọ́n, n óò ṣe bí ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí mo fi dé Ìlọrin, mo ti gba ara mi gbọ́. Ìgbà tí mo dé Ṣakí, mo ti ń pe ẹ̀yin oníbàárà mi lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ẹ wá yọ àdírẹ́sì mi kúrò nínú tiyín, ẹ sì ń bi mí pé ta ló fẹ́ ka ímeèlì yín, ṣé ẹ̀yin náà di gómìnà ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin méjì wọlé sí ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò wọ yunifọ́ọ̀mù. Wọ́n kí mi, wọ́n jókòó sí bẹ́ǹṣì tí ẹ̀yin máa ń jókòó sí. Èyí àgbà nínú wọn fi àdírẹ́sì méjì hàn mí, ó ní ṣé èmi ni mo ni àkọ́kọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ta ni ẹ bá ṣí ìkejì yìí?"

Mo dárúkọ rẹ̀. Mo dárúkọ ọkọ rẹ̀. Mo júwe Karaworo fún wọn, mo júwe igi máńgòrò. Wọn ò gbóhùn sókè, ìbéèrè ẹyọ kan náà ni.

Ọkùnrin náà jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀. A ti mọ̀. Ìyá yẹn ti wá fúnra wọn láti ọjọ́ Ajé. Wọ́n kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ wọn pé ẹ ò mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà, pé àwọn ló ní kí ẹ fi àdírẹ́sì yín sí i, kí a má yọ yín lẹ́nu. Kí ẹ fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ló rí ni a bá wá."

Ìyá Dúró ò ní kí n fi àdírẹ́sì mi sí i rárá. Èmi ni mo fi í sí i láìbi í. Irọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú ohun tó sọ fún wọn nìyẹn, èmi ló sì pa á fún.

Mo fọwọ́ sí i. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ. Mo gbọ́ pé wọ́n ti dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Mo rin gbogbo ọ̀nà yẹn pé mo fẹ́ lọ dáàbò bo obìnrin kan, òun ló dáàbò bò mí, èmi sì ti dárúkọ rẹ̀ kí ọlọ́pàá tó ṣí bírò.